Bí A Ṣe Lè Fi Tablette Ka Ojú Ewé Íntánẹ́ẹ̀tì Láìfi Ìyà Jẹ Ojú

Tablette ti ń pọ̀ ní ìlú wa báyìí. Ọmọ tó wà ní Kútọnu rà á ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn rí i gbà lọ́wọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́, ẹlòmíràn sì ra èyí tí wọ́n ti lò rí. Lẹ́yìn oṣù kan, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé: « Mi ò lè kà á. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti kéré jù, ìpolówó ọjà sì ń fò sókè sódò. » Wọ́n á wá gbé e fún àwọn ọmọdé kí wọ́n máa fi wo fídíò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán. Ẹni tí kò bá lè fúnra rẹ̀ ka ohun tó wà lójú tablette, ẹlòmíràn ni yóò máa kà á fún un. Tí ohun tó fẹ́ kà bá jẹ́ ti àìsàn rẹ̀ ń kọ́? Tí ó bá jẹ́ ti owó, tàbí ti ilẹ̀ tí ẹbí ń bá ara wọn fà? Àṣírí ti dé etí ọmọ aládùúgbò nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ fi ka àwọn irinṣẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó lọ sí abúlé. A kò ní kí ẹnikẹ́ni ra nǹkan tuntun. Púpọ̀ nínú wọn ti wà nínú tablette yín láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á, ó kàn farapamọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀kan kíá: láti nǹkan bí 40 ọdún, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí ohun tó súnmọ́ ọn dáadáa mọ́. Kì í ṣe àrùn, ọjọ́ orí ni. Awò ojú ló ń tún un ṣe. Tí ojú bá ń dùn yín, tàbí tí ó ń ṣú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ má ṣe fi lẹ́tà ńlá bo àìsàn mọ́lẹ̀.

« Mode lecture », kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo ojú ewé ìròyìn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìròyìn tí ẹ wá kà wà láàárín. Lókè ni orúkọ ilé iṣẹ́ ìròyìn náà àti àtòjọ ohun mìíràn tí wọ́n ní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni àwòrán obìnrin tó ń polówó ọṣẹ. Nísàlẹ̀ ni « ẹ tún ka èyí », « ẹ tún ka ìyẹn ». Nígbà mìíràn, àpótí kan á tún yọ bò ó mọ́lẹ̀ pé kí ẹ gba « cookies ». Ẹni tí ojú rẹ̀ yá gan-an pàápàá á ní láti wá ọ̀nà gbà láàárín èrò.

Ohun tí mode lecture ń ṣe ni ohun tí ajọ̀ ń ṣe sí èlùbọ́. Ó máa ń dá ìyókù dúró sókè, á jẹ́ kí ìyẹ̀fun jáde. Ẹ tẹ àmì kan ṣoṣo, gbogbo ìpolówó á pòórá, ó ku àkọlé, ọ̀rọ̀, àti àwòrán tó jẹ́ ti ìròyìn náà. Lẹ́tà á tóbi, ìlà kò ní gùn jù, ẹ sì lè yan àwọ̀ tó bá ojú yín mu. Tí ẹ bá tún tẹ àmì náà, ojú ewé á padà sí bó ṣe wà. Kò sí ohun tó bàjẹ́.

Kì í ṣe iṣẹ́ òkùnkùn. Ní 2009, ilé iṣẹ́ kan ní New York tó ń jẹ́ Arc90 ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Readability, wọ́n sì fi í lélẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè mú un lò. Ní oṣù Kẹfà 2010, Apple fi irú rẹ̀ sínú Safari 5, ó sì dé orí iPad ní 2011. Firefox fi tirẹ̀ sínú tẹlifóònù àti tablette Android, kó tó wá fi sí orí kọ̀ǹpútà ní 2015. Àwọn yòókù náà tẹ̀lé wọn.

Ẹ̀rọ náà kò mọ ìtumọ̀ ohun tó ń kà o. Nínú ètò àkọ́kọ́ yẹn, máàkì ló ń fún ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí àwa olùkọ́ ṣe ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìpínrọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kò tó 25, kò kà á sí rárá. Èyí tó bá gùn, gbogbo lẹ́tà 100 fún un ní máàkì 1, ṣùgbọ́n gígùn kò lè fún un ju 3 lọ. Kọ́mà kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀ tún ń mú máàkì wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ gidi ló máa ń ní kọ́mà, orúkọ bọ́tìnì kì í ní. Ibi tó bá kún fún líǹkì, wọ́n á dín máàkì rẹ̀ kù. Agbègbè tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ, ibẹ̀ ni ó gbà pé ọ̀rọ̀ wà. Ó yẹ kí ẹ mọ èyí, nítorí pé òun ló máa jẹ́ kí ó yé yín ìdí tí ẹ̀rọ fi ń ṣìnà nígbà mìíràn. Ìròyìn tó kúrú gan-an lè má rí máàkì gbà. Ojú ewé àkọ́kọ́ ilé iṣẹ́ ìròyìn, tó jẹ́ àkọlé àti líǹkì nìkan, kì í sábà ní mode lecture. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ ìròyìn kan kó ṣí, kí àmì náà tó jáde.

Ibi tí ẹ ó ti rí i

Èdè Faransé ni tablette ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ, nítorí náà orúkọ Faransé tó wà lójú rẹ̀ ni a ó lò. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí máa ń yí orúkọ padà láti ọdún dé ọdún. Tí ẹ kò bá rí orúkọ náà gan-an, ẹ wá èyí tó jọ ọ́.

Lórí iPad, ẹ ṣí Safari, kí ẹ sì ṣí ìròyìn kan. Ẹ wo àpótí tí a ń kọ àdírẹ́sì sí. Lórí àwọn iPad kan, lẹ́tà méjì « AA » ló wà níbẹ̀, lórí àwọn tuntun, àwòrán ìwé kékeré ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yan « Afficher le Lecteur ». Tí ẹ bá ti wà nínú Lecteur, ẹ padà sí àmì kan náà láti mú lẹ́tà tóbi, láti yí irú lẹ́tà padà, tàbí láti yan àwọ̀: funfun, àwọ̀ ìwé àtijọ́, eérú, dúdú. Ó tún ṣeé ṣe kí ẹ sọ fún Safari pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ṣí ìròyìn ní ibi báyìí, kó máa gbé Lecteur wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi iPad fún ìyá rẹ̀ àgbà, kó ṣe èyí fún un ṣáájú kó tó fún un. Ó máa dín ìbéèrè kù.

Lórí Android, Firefox ni a fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí, a kò sì fi pa mọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ bá ṣí ìròyìn, àwòrán ìwé kékeré kan á yọ nínú àpótí àdírẹ́sì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó tán. Nínú àtòjọ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ibi tí ẹ ti lè mú lẹ́tà tóbi tàbí kéré, kí ẹ sì yan « Clair », « Sombre » tàbí « Sépia ».

Chrome ló wà lórí tablette púpọ̀, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ gbọ́dọ̀ lé e lọ. Ẹ tẹ àmì onítóótò mẹ́ta tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ lọ sí « Paramètres », lẹ́yìn náà « Accessibilité ». Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìlà kan tí ẹ lè fi ìka wọ́ láti mú kí ọ̀rọ̀ gbogbo ojú ewé tóbi. Iṣẹ́ yìí nìkan á ti tó fún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí ìlà tó ń fún yín láàyè láti ka ojú ewé ní ọ̀nà « simplifié », èyí tí Chrome tuntun ń pè ní mode lecture. Ẹ tún wo inú àtòjọ onítóótò mẹ́ta náà fúnra rẹ̀, ó lè wà níbẹ̀.

Ó tún ku ọ̀kan lórí Android. Google gbé ètò kan jáde ní oṣù Kejìlá 2022 tí wọ́n pè ní Mode lecture. Ẹ lè rí i gbà ní Play Store lọ́fẹ̀ẹ́. Tirẹ̀ dára ní ti pé kì í ṣe nínú navigateur nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ó lè mú ọ̀rọ̀ inú ètò mìíràn náà kó sì tún un gbé kalẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, kó sì kà á sókè ní Faransé. Àwọn tí ojú wọn ti rẹ̀ gan-an, tí lẹ́tà ńlá nìkan kò tó fún, ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ẹni tó bá ń lo Edge náà ní tirẹ̀, « Lecteur immersif ».

Títóbi lẹ́tà, àwọ̀, àti oòrùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fi ìka méjì fa ojú ewé kó lè tóbi. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìlà á jáde kúrò lójú tablette. Ẹ ó wá máa wọ́ ọ sí ọ̀tún, ẹ ó tún wọ́ ọ sí òsì, fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìlà mẹ́wàá, ẹ kò ní mọ ibi tí ẹ wà mọ́. Nínú mode lecture, tí lẹ́tà bá tóbi, ìlà á ṣẹ́ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Òkè sísàlẹ̀ nìkan ni ìka yín ń lọ. Nínú gbogbo ohun tí a ti rí lọ́wọ́ àwọn àgbà tí a fi hàn, ìyàtọ̀ yìí ló tètè máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àjọ W3C, tí ń ṣètò ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé, ní ìwé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní WCAG. Àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1999, èkejì ní oṣù Kejìlá 2008. Ó sọ níbẹ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn lè mú ọ̀rọ̀ ojú ewé tóbi dé 200%, ìyẹn ìlọ́po méjì, láìjẹ́ pé ohunkóhun sọnù níbẹ̀. Ó tún sọ pé ìyàtọ̀ láàárín ìmọ́lẹ̀ lẹ́tà àti ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 4.5 sí 1 fún ọ̀rọ̀ tó mọ ní ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ojú ewé ni kò bá ìlànà yìí mu. Ẹ ó rí lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun, bí ẹni pé yíǹkì ti ń tán. Mode lecture kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ó máa ń kó lẹ́tà rẹ̀ dànù, á fi dúdú sórí funfun.

Àwọ̀ wo ló dára jù? Ó kù sí ibi tí ẹ wà. Lábẹ́ igi ní ọ̀sán gangan, lẹ́tà dúdú lórí funfun ni, kí ẹ sì gbé ìmọ́lẹ̀ tablette sókè. Ní alẹ́, nígbà tí iná kò sí, ẹ̀yìn dúdú pẹ̀lú lẹ́tà funfun kì í gún ojú. Àwọ̀ « Sépia » wà láàárín méjèèjì, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ kàwé fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan wà tí ẹ̀yìn dúdú máa ń dà lẹ́tà rú mọ́ lójú. Ẹ dán an wò fúnra yín, ẹ má gba ti ẹlòmíràn.

Tí ohùn bá ń kà á fún yín

Ẹni tí kò lè rí lẹ́tà mọ́ bó ti wù kó tóbi tó, tàbí ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́, lè jẹ́ kí tablette ka ọ̀rọ̀ náà sókè. Nínú Chrome tuntun lórí Android, ẹ wo inú àtòjọ onítóótò mẹ́ta fún « Écouter cette page ». Ní iPad, ẹ lọ sí « Réglages », « Accessibilité », kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ nípa « Contenu énoncé », kí ẹ sì tan « Énoncer l'écran ». Láti ìgbà náà lọ, tí ẹ bá fi ìka méjì wọ́ ojú iPad láti òkè wá sísàlẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tí ẹ bá kọ́kọ́ wọ inú Lecteur kí ẹ tó ṣe é, kò ní ka ìpolówó ọṣẹ mọ́ ìròyìn. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yẹn.

Àwọn tí kò ríran rárá ní tiwọn, TalkBack lórí Android àti VoiceOver lórí iPad. Ìwọ̀nyí yàtọ̀ pátápátá, nítorí gbogbo ohun tí ìka bá kàn ni wọ́n ń sọ, bí a ṣe ń tẹ nǹkan náà sì yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tàn wọ́n fún eré, ẹ ó rò pé tablette ti bàjẹ́.

Ohùn Faransé tí tablette ń lò ṣeé gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí connexion bá wà. Lórí Android, inú « Synthèse vocale » ni ó wà. Tí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀, á lè máa kà á nígbà tí kò bá sí réseau pàápàá.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tí a sọ níṣàájú ńkọ́? Tí tablette bá ń ka èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín sókè ní gbàgede, kí ni ẹ rí gbà? Ẹ ra écouteurs. Tí ó bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú pàápàá, ó tó.

Èdè wa ń kọ́?

Ibí yìí ni wàhálà wà, a kò sì lè fi ohùn dídùn sọ ọ́. Ohùn Faransé kò mọ Yorùbá. Ẹ kọ gbólóhùn yìí kí ẹ ní kó kà á: « Ọkọ mi ra ọkọ̀, ó sì ra ọkọ́. » Ọkọ obìnrin, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọkọ́ tí a fi ń roko, ohun kan náà ni yóò pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, « oko, oko, oko », bí ẹni pé oko ni gbogbo wa ń lọ. Kò mọ àmì ohùn. Kò mọ « gb », á ya á sí méjì. « P » wa, tí ẹnu wa pè ní « kp », á pè é bí ti Paris. Ìròyìn Yorùbá tí ohùn Faransé bá kà, ẹni tó gbọ́ ọ lè gbọ́ òdìkejì ohun tí a kọ, ó sì burú jù tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera.

Nítorí náà, ohun tí a máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni kí wọ́n pín in: Faransé, ẹ jẹ́ kí ohùn kà á. Yorùbá, ẹ mú lẹ́tà rẹ̀ tóbi kí ojú kà á. Ẹni tí kò bá ríran, kí ènìyàn kà á fún un, tàbí kí a gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ fún un. A ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìròyìn sínú WhatsApp fún àwọn àgbà àdúgbò wọn. Ìyẹn sàn ju ohùn ẹ̀rọ tó ń da èdè rú lọ.

Lẹ́tà wa náà ní wàhálà tirẹ̀. « ẹ́ » àti « ọ̀ » kì í ṣe ohun kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ. Lẹ́tà kan ni, tí a gbé àmì lé lórí. Tí irú lẹ́tà tí ojú ewé náà ń lò kò bá mọ̀ ọ́n, àmì á fò sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfo kékeré jókòó síbi tí lẹ́tà yẹ kó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń ka Yorùbá ní ìlànà Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1975, tí a ń kọ « ɔjà » dípò « ọjà », « ɛshin » dípò « ẹṣin », « kpákpá » dípò « pápá ». Àwọn lẹ́tà « ɔ » àti « ɛ » yẹn náà lè di àpótí òfo. Mode lecture máa ń tún èyí ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé irú lẹ́tà tirẹ̀ ló ń lò, kì í ṣe ti ojú ewé náà. Tí ọ̀kan kò bá gbà, ẹ yan òmíràn nínú àtòjọ irú lẹ́tà.

Ìdí mìíràn tún wà tí lẹ́tà ńlá fi ṣe pàtàkì fún Yorùbá ju Faransé lọ. Nínú Faransé, tí ojú bá fo accent kan, ẹ ṣì lè mọ ọ̀rọ̀ náà. Nínú tiwa, tóótò abẹ́ àti àmì orí ló ń gbé ìtumọ̀. Nínú lẹ́tà kékeré, tóótò abẹ́ ìlà kan máa ń kan àmì orí ìlà tó tẹ̀lé e. Níbi tí ẹ̀rọ yín bá ti fún yín láàyè láti fẹ ìlà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ẹ fẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ohun tí ajọ̀ ń jù nù

Ẹ̀rọ tó ń jọ̀ lè jọ ohun tó wúlò dànù. A ti rí i pé ó máa ń fo tábìlì, ìyẹn àtòjọ tó ní ìlà àti òpó: iye owó, ọjọ́, àbájáde ìdánwò. Ó máa ń fo àpótí tí a ń kọ orúkọ sí. Ó lè fo àkíyèsí kúkúrú tí wọ́n fi àwọ̀ pupa kọ lókè, nítorí pé kò gùn tó, kò rí máàkì gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tó súnmọ́ wa. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ní ojú ewé service-public.bj, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ìwé tí ènìyàn nílò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fi mode lecture ka àlàyé náà dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ó bá kan iye owó tí a ó san, àkókò tí a ó fi dúró, tàbí bọ́tìnì tí a ó tẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀, ẹ jáde kúrò nínú mode lecture kí ẹ wo ojú ewé náà gan-an. Òfin tí a fi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni pé: a lè fi mode lecture kàwé, a kì í fi san owó, a kì í fi kọ orúkọ sílẹ̀, a kì í sì í fi mọ ọjọ́ ìdánwò. Òbí tó bá fi ka ìkéde concours, tí kò rí ọjọ́ ìparí ìforúkọsílẹ̀ nítorí pé inú tábìlì ló wà, ọdún kan gbáko ni ọmọ rẹ̀ máa pàdánù.

Ohun mìíràn tó kọjá agbára rẹ̀ ni àwòrán. Ní ìlú wa, ọ̀pọ̀ ìkéde ló jẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n wá fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Fún ẹ̀rọ, fọ́tò ni, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ kò lè tóbi láìdi bàìbàì, ohùn kò sì lè kà á. Fún irú èyí, Google Lens lè yọ ọ̀rọ̀ inú fọ́tò jáde, tí fọ́tò náà bá mọ́lẹ̀. Ó ń ṣe Faransé dáadáa. Lórí àmì Yorùbá, ẹ fi ojú yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé ó ń dín mégà kù?

Wọ́n máa ń bi wá léèrè. Rárá, kì í fi bẹ́ẹ̀ dín in kù. Ojú ewé ti wọlé tán, pẹ̀lú àwòrán àti ìpolówó rẹ̀, kó tó di pé ajọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Chrome ní ètò kan nígbà kan rí tó ń dín mégà kù, ṣùgbọ́n Google pa á tì ní oṣù Kẹta 2022. Ẹni tó bá ṣì ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n lọ tàn án, kó dákẹ́ ẹ̀kọ́ yẹn.

Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni kí a gba ojú ewé sílẹ̀. Ní Chrome, àmì ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ wà nínú àtòjọ onítóótò mẹ́ta. Ní iPad, « Liste de lecture » ni, kí ẹ sì rí i dájú pé ó ń gba nǹkan sílẹ̀ fún ìgbà tí kò sí réseau. Olùkọ́ tó ń lọ sí ìlú ní ọjọ́ ọjà lè gba ojú ewé mẹ́wàá sílẹ̀ níbi tí connexion ti dára, kó sì kà wọ́n ní abúlé fún ọ̀sẹ̀ kan láìná kọ́bọ̀.

Sí ẹ̀yin tó ń kọ ojú ewé

Ní báyìí, rédíò àdúgbò, ilé ẹ̀kọ́, àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń ní ojú ewé tiwọn. Ẹ̀bẹ̀ wa sí yín kò pọ̀. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ ìkéde yín gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ẹ má fi fọ́tò ìwé nìkan síbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí òǹtẹ̀ hàn, ẹ fi fọ́tò náà sí abẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹ fi ọjọ́ àti iye owó sínú gbólóhùn, kódà tí ẹ bá tún fi wọ́n sínú tábìlì. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gbólóhùn kan nípa ohun tó wà nínú rẹ̀ síbi tí ètò náà ti pèsè fún un, nítorí ẹni tí TalkBack ń kàwé fún.

Ẹ sì sọ fún ẹ̀rọ èdè tí ẹ fi kọ ọ́. Nínú kóòdù ojú ewé, « lang » ni a ń pè é: « fr » fún Faransé, « yo » fún Yorùbá. Nǹkan kékeré ni, ẹni tó bá ń bá yín ṣe ojú ewé náà lè fi sí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Ojú ewé Yorùbá tí wọ́n kọ « fr » sí, ohun tí ẹ ń sọ fún ẹ̀rọ ni pé kó fi ohùn Faransé ka ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́. Tí « yo » bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó bá ní ohùn Yorùbá á mọ̀ pé òun gan-an ni kí òun lò.